Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní OTP, báwo wá ni owó mi ṣe lọ?

Ìbéèrè: "Aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà nítòsí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo tẹ̀ ẹ́, fóònù bi mí ní nǹkan kan, mo tẹ 'Allow'. Ó tún bi mí, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìpè kankan ò ṣí. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ Àìkú, owó jáde nínú àkáǹtì mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní OTP, mi ò tiẹ̀ rí àtẹ̀jíṣẹ́ OTP kankan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ò sì lọ rárá. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Ṣé kí n pààrọ̀ síìmù ni? Ọmọ mi tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní UNIOSUN ní òun fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́. Ṣé kó ṣe é?"

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ọlọ́run á fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dí i. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó má tíì pa ohunkóhun rẹ́. Yóò ṣe é, ṣùgbọ́n kò tíì kan ìyẹn. Ohun tó kọ́kọ́ kàn ni pé kí fóònù náà má lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ tan "Airplane mode", ẹ rí i dájú pé Wi-Fi kò ṣí, kí ẹ sì yọ síìmù jáde. Tí ẹ bá pa dátà nìkan, kò tó, nítorí irú áàpù olè yìí lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ láìlo dátà rárá. Ẹ ki síìmù náà bọ inú fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, tí kò lè gba áàpù. Láti ìgbà náà lọ, OTP yòówù, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tí báńkì bá fi ránṣẹ́ láti fi dá yín mọ̀, ojú yín nìkan ló máa kàn.

Fóònù kékeré yẹn náà ni kí ẹ fi pe báńkì. Ẹ ní kí wọ́n ti káàdì yín pa, kí wọ́n ti ìlò báńkì lórí fóònù pa, kí wọ́n sì yọ gbogbo fóònù tó ti so mọ́ àkáǹtì yín kúrò. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Tí fóònù olè bá ṣì wà lórí àkọsílẹ̀ báńkì gẹ́gẹ́ bíi fóònù yín, PIN tuntun tí ẹ bá ṣe kò ní dí i lọ́wọ́ pẹ́. Ẹ má wá nọ́ńbà báńkì lórí Facebook tàbí kí ẹ kàn kọ ọ́ sínú Google, torí àwọn oníjìbìtì ti gbé nọ́ńbà tiwọn síbẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì ATM yín. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ti kọjá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ṣe é lónìí. Tí ẹ bá ní àkáǹtì ní báńkì mìíràn tí áàpù rẹ̀ wà nínú fóònù kan náà, ẹ pe àwọn náà, ì báà má tíì sí owó tó jáde níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Fọ́tò máa ń fi ara rẹ̀ hàn nínú WhatsApp kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ rárá. PDF máa ń gbé iye ojú ìwé rẹ̀ sára. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .apk, áàpù Android ni, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un níwájú. "Igbeyawo.pdf.apk" kì í ṣe PDF, torí ohun tó gbẹ̀yìn orúkọ ni fóònù ń wò. Kò sí ìyàwó kan láti Òkè-Fìà títí dé Alẹ̀kúwodò tí ìwé ìpè rẹ̀ nílò kí ẹ gbé áàpù wọlé. Àwọn olè yìí máa ń yan orúkọ tó bá àsìkò mu: ìwé ìpè lásìkò ayẹyẹ, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ nígbà tí ìlú bá le, ìforúkọsílẹ̀ NIN nígbà tí ìjọba bá ń pariwo rẹ̀. Inú rẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí fóònù bi yín ni bóyá WhatsApp lè gbé áàpù tí kò ti Play Store wá wọlé. Láti ìgbà tí Android 8 ti jáde ní 2017 ni àṣẹ yìí ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún áàpù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ fọwọ́ sí i, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí, ṣùgbọ́n olè kò tíì mú nǹkan kan. Àṣẹ tó tẹ̀ lé e ni ó fi mú nǹkan.

Ẹ ní ẹ ò rí àtẹ̀jíṣẹ́ OTP kankan. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé ọ̀nà tí olè gbà hàn níbẹ̀. Láti Android 4.4, tó jáde ní 2013, áàpù kan ṣoṣo tí fóònù yàn fún àtẹ̀jíṣẹ́ ni fóònù fún ní agbára láti pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́. Áàpù mìíràn lè kà á tí ẹ bá fún un láṣẹ, àmọ́ kò lè pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣí àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ inú fóònù náà, láìfi síìmù padà síbẹ̀, kí ẹ wo ìdájí ọjọ́ Àìkú. Tí OTP bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ kàn ò gbọ́ dídún rẹ̀, a jẹ́ pé áàpù náà ní àṣẹ láti ka àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì ń gbá ìkìlọ̀ rẹ̀ dànù lójú fóònù kí ẹ má baà rí i. Tí kò bá sí OTP kankan níbẹ̀, tó sì dá yín lójú pé báńkì fi í ránṣẹ́, a jẹ́ pé ohun tí ẹ fọwọ́ sí ní ẹ̀ẹ̀kejì ni pé kí áàpù náà di ẹni tí ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ fún fóònù yín. Ẹ lè rí èyí tó jẹ́ nínú "Settings", lábẹ́ "Default apps", níbi tí wọ́n kọ "SMS app" sí. Orúkọ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni "Messages". Tí ẹ bá rí orúkọ mìíràn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀nà kẹta ló burú jù, òun sì ni kí ẹ fi ojú sí dáadáa. Nínú Settings, ibì kan wà tó ń jẹ́ "Accessibility". Torí àwọn tí kò ríran dáadáa tàbí tí ọwọ́ wọn kò lè tẹ fóònù dáadáa ni wọ́n ṣe ṣe é: áàpù tó bá ní àṣẹ yẹn lè ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù jáde, ó sì lè tẹ bọ́tìnnì fún oní-fóònù. Ẹ ronú ohun tí olè lè fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó ń wo ìgbà tí ẹ bá ṣí áàpù báńkì, ó ń gbé ojú ewé ayédèrú tó jọ ti báńkì lé e lórí, PIN tí ẹ rò pé ẹ ń tẹ̀ fún báńkì, òun ló ń gbà á. Ó lè fúnra rẹ̀ tẹ "Allow" fún gbogbo àṣẹ tó kù láìbi yín mọ́. Android 13, tó jáde ní 2022, gbìyànjú láti dí ọ̀nà yìí: áàpù tó bá ti ìta wọlé kì í rí Accessibility gbà bọ̀rọ̀ mọ́. Ohun táwọn olè wá ń ṣe ni pé fáìlì tí ẹ tẹ̀ kàn jẹ́ aláàárù. Ó wọlé tán, ó wá gbé áàpù kejì tó wà nínú ikùn rẹ̀ kalẹ̀ lọ́nà tí àwọn ibi ìgbáàpù máa ń gbà gbé e, kí fóònù lè rò pé ibi gidi ló ti wá. Ìdí kan nìyẹn tí fóònù fi lè béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nígbà tó ti ní PIN àti ojú tó ń ka OTP, ìyókù yá. Olè gbé áàpù báńkì yín sórí fóònù tirẹ̀, ó kọ nọ́ńbà yín sí i, báńkì rí i pé fóònù tuntun ni, ó fi OTP ránṣẹ́ sí síìmù yín, áàpù inú fóònù yín gbé e fún olè láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Lójú báńkì, ẹ̀yin lẹ ra fóònù tuntun. Ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ Sátidé tó kọjá láìsí ìṣòro jẹ́ ọjọ́ tó fi ń dúró dè yín kí ẹ ṣí áàpù báńkì yín. Ìdájí Àìkú sì bá a lára mu, nítorí pé ẹ ń sùn, ẹnu ọ̀nà báńkì sì wà ní títì títí di àárọ̀ Ajé.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun o. Ní 2007 ni ayé ti mọ Zeus, èyí tó ń jí pásíwọ́ọ̀dù báńkì lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àwọn báńkì wá ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù láti fi dá oníbàárà mọ̀, àwọn olè ṣe irú rẹ̀ tó ń gbé inú fóònù, Zitmo, ní 2010, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó jí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Mo sọ èyí kí ẹ má baà máa dá ara yín lẹ́bi. Àwọn tó kọ irú áàpù yìí ti lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó mọ̀wé dáadáa sì ti kó sí i.

Ní ti síìmù: rárá, ẹ má pààrọ̀ nọ́ńbà. Áàpù yìí kì í gbé inú síìmù. Ìwà jìbìtì mìíràn wà tó jẹ́ ti síìmù, níbi tí olè ti lọ gba síìmù yín tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àmì ìyẹn ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ lójijì, kò sì ní padà. Ẹ ní tiyín ò lọ. Ohun kan péré ni kí ẹ ṣe lórí fóònù kékeré náà: ẹ tẹ *#21# kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti darí ìpè yín sí nọ́ńbà mìíràn, torí OTP kan máa ń wá nípasẹ̀ ìpè. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó tẹ ##002#, èyí tó ń pa gbogbo ìdarí ìpè rẹ́.

Ẹ̀rí ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù mìíràn ya fọ́tò ojú WhatsApp níbi tí fáìlì náà wà, kí orúkọ fáìlì, nọ́ńbà tó fi í ránṣẹ́ àti àsìkò hàn. Ẹ kọ àkókò tí owó kọ̀ọ̀kan jáde àti orúkọ àkáǹtì tó lọ. Tí báńkì bá lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí owó náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Session ID" sí: nọ́ńbà gígùn ni, ẹyọ nọ́ńbà 30 ló wà nínú rẹ̀. Òun ni báńkì yín àti báńkì tó gba owó náà fi ń mọ owó kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹjọ́ tó bá ní Session ID lára máa ń yá ju èyí tí èèyàn kàn ń sọ pé "wọ́n kó owó mi" lọ.

Fáìlì náà gan-an, kí ọmọ yín fi okùn USB gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Lórí Android 11 sókè, inú fódà Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media/WhatsApp Documents ló wà. Kó dì í sínú zip tó ní pásíwọ́ọ̀dù, kó fi ọ̀rọ̀ náà "infected" ṣe pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí áàpù ààbò orí kọ̀ǹpútà má baà pa á rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Arákùnrin, má gbé fáìlì náà sórí fóònù tìrẹ láti "wo ohun tó máa ṣe". Kíkà ni kí o kà á. Lórí Windows, ṣí ibi àṣẹ, ìyẹn Command Prompt, kí o kọ certutil -hashfile ipe.apk SHA256. Lórí Linux, sha256sum ni. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa fún ọ, òun ni ìka ọwọ́ fáìlì náà. Wá a lórí VirusTotal, ibi tí ilé-iṣẹ́ Hispasec ní ìlú Málaga ní Sípéènì dá sílẹ̀ ní 2004, tí Google sì rà ní 2012. Ó ń kó ìdájọ́ áàpù ààbò tó lé ní 60 jọ sójú kan. Wá ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú kí o tó gbé fáìlì náà fúnra rẹ̀ síbẹ̀. Fáìlì olè kò ní àṣírí kankan tó jẹ́ tiyín, o lè gbé e síbẹ̀ tí kò bá tíì sí. Ìwé báńkì màmá rẹ ni kí o má gbé síbẹ̀ láé, torí ohun tó bá dé ibẹ̀, àwọn olùwádìí káàkiri ayé lè gbà á sílẹ̀.

Má jẹ́ kí òdo tàn ọ́. Tí gbogbo wọn bá ní kò sí nǹkan, ó lè jẹ́ pé fáìlì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Àwọn olè máa ń tún un dì lọ́nà tuntun nígbà gbogbo, ìka ọwọ́ rẹ̀ á sì yí padà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni, tí ẹyọ kan tàbí méjì bá pariwo, ó lè jẹ́ àṣìṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "Banker", "SmsSpy" àti "Dropper" nínú orúkọ tí wọ́n pè é ni kí o wá.

Lẹ́yìn náà, tú u. Zip ni APK jẹ́. Inú rẹ̀ ni AndroidManifest.xml wà, ìwé tí áàpù ti ń kọ gbogbo àṣẹ tó fẹ́ gbà, àti classes.dex tó jẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Tí o bá fi ẹ̀rọ ìkọ̀wé lásán ṣí Manifest, wúruwùru lo máa rí, torí wọ́n ti sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ. Fi jadx, irinṣẹ́ tó ń tú áàpù sí ohun tí èèyàn lè kà, ṣí i. Áàpù tó pe ara rẹ̀ ní ìwé ìpè, tó wá ń béèrè RECEIVE_SMS, READ_SMS, SEND_SMS, BIND_ACCESSIBILITY_SERVICE àti RECEIVE_BOOT_COMPLETED, o ò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń jẹ́ kó tún jí nígbàkúùgbà tí fóònù bá kú tó tún tàn. Tí o bá rí REQUEST_INSTALL_PACKAGES, aláàárù ni mo sọ lókè yẹn. Wo fódà assets fún fáìlì ńlá kan tí kò ní orúkọ gidi, ibẹ̀ ni ẹrù tó gbé máa ń wà.

Wá ọ̀rọ̀ náà "api.telegram.org" nínú kóòdù. Ọ̀pọ̀ àwọn olè yìí kì í náwó sórí sáfà tiwọn. Rọ́bọ́ọ̀tì Telegram ni wọ́n fi ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n jí, kọ́kọ́rọ́ rọ́bọ́ọ̀tì náà sì máa ń wà ní ìhòòhò nínú áàpù. Tí o bá rí i, kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá, kó dúró síbẹ̀. Ó máa wù ọ́ láti lo kọ́kọ́rọ́ náà láti ka ohun tí olè ti kó jọ. Má ṣe é. Ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn mìíràn tí wọ́n jà lólè ló wà níbẹ̀, wíwọ ibi tí wọn ò fún ọ láṣẹ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Cybercrimes ti 2015 ní Nàìjíríà, ẹni yòówù kó ni ibẹ̀. Olè yóò sì mọ̀, yóò pa á rẹ́, ẹ̀rí á lọ. Fi apksigner verify --print-certs gba ìwé ìbuwọ́lù áàpù náà pẹ̀lú. Olè lè yí orúkọ padà láti ìwé ìpè sí owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi ìbuwọ́lù kan náà lu gbogbo rẹ̀, òun la fi ń mọ̀ pé ọwọ́ kan ló ṣe wọ́n.

Tí jadx tàbí apktool, irinṣẹ́ mìíràn tó ń tú áàpù, bá kọ̀ láti ṣí i, tó ń sọ pé zip náà ti bàjẹ́, má rò pé fáìlì náà kò wọlé tán. Àwọn olè máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sí orí zip nípa bí wọ́n ṣe dì í, tí irinṣẹ́ wa á fi ṣubú, tí Android á sì gbà á. Gba jadx tuntun jù, tún gbìyànjú. Mi ò dá a lábàá pé kí o tan áàpù náà nínú fóònù ayédèrú orí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fóònù gidi ni, tí wọ́n bá rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìwọ á sì rò pé kò ní nǹkan ṣe. Ohun tí màmá rẹ nílò ti hàn nínú Manifest.

Màmá, ẹ wá lè fọ fóònù báyìí. Kí ẹ kọ́kọ́ gbé e wọ "Safe mode": ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń pa fóònù, nígbà tí "Power off" bá jáde, ẹ tẹ ìyẹn mọ́lẹ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò, ó máa béèrè bóyá kó lọ sí Safe mode. Ní ipò yẹn, áàpù tí ẹ fúnra yín gbé wọlé kì í ṣiṣẹ́. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì nìyí: tí áàpù olè bá ní Accessibility, gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti fẹ́ yọ ọ́, òun náà á tẹ bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn fún yín, fóònù á sì gbé yín jáde. Ẹ ó rò pé fóònù ń ṣe wèrè. Nínú Safe mode, ẹ lọ sí Accessibility, ẹ pa ohun tí ẹ ò mọ̀. Ẹ lọ sí "Device admin apps", ẹ pa á níbẹ̀ náà. Ẹ dá "Messages" padà sípò áàpù àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ wo "Notification access", ẹ pa ohun tí ẹ ò mọ̀ níbẹ̀ náà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá lọ sínú àkójọ áàpù láti yọ ọ́. Ó lè má ní àwòrán, ó lè má ní orúkọ, ó lè pe ara rẹ̀ ní "Update" tàbí kó jí orúkọ Play Store, nítorí náà ọjọ́ tó wọlé ni kí ẹ wò. Ẹ má gbàgbé láti gba àṣẹ "Install unknown apps" kúrò lọ́wọ́ WhatsApp.

Yíyọ yẹn nìkan lè tó. Síbẹ̀, fún fóònù tí báńkì wà lórí rẹ̀, èmi fara mọ́ ti ọmọ yín: kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ ti gbé ẹ̀rí kúrò, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ mọ́. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe pọ̀ níhìn-ín. Ẹ rí i pé ẹ mọ iméèlì Google àti pásíwọ́ọ̀dù tó wà lórí fóònù náà, torí lẹ́yìn tó bá ti pa rẹ́ tán, fóònù lè béèrè rẹ̀. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ọláìyá lẹ máa bá ara yín. Ẹ yọ káàdì mẹ́mórì kúrò, pípa rẹ́ yẹn kò dé inú rẹ̀, ẹ wá fáìlì .apk tó bá wà lórí rẹ̀ kí ẹ pa á. Fọ́tò, fídíò àti nọ́ńbà àwọn èèyàn nìkan ni kí ẹ kó pamọ́. Ẹ má lo Xender tàbí irú rẹ̀ láti kó áàpù lọ sórí fóònù mìíràn kí ẹ tún wá kó wọn padà. Ẹ ó kàn fi ọwọ́ ara yín gbé olè padà wọlé ni. Áàpù báńkì, láti Play Store ni kí ẹ ti gbà á lákọ̀tun.

Irú áàpù olè kan wà tí pípa rẹ́ yìí kò ràn. Ní 2019, Google fi hàn pé Triada ti wọ inú àwọn fóònù kan láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó rà wọ́n rárá. Tiyín kì í ṣe irú ìyẹn. Ẹ mọ fáìlì tó gbé e wá, ẹ mọ ọjọ́ tó wọlé.

Pásíwọ́ọ̀dù, lórí fóònù mìíràn tó mọ́ ni kí ẹ ti yí wọn padà, kì í ṣe lórí eléyìí kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Google ni kí ẹ kọ́kọ́ yí, nítorí pé ẹni tó bá ní iméèlì yín lè fi gba àwọn tó kù padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni báńkì, pẹ̀lú PIN tuntun tí kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ní WhatsApp, ẹ wo "Linked devices", ẹ lé ẹ̀rọ tí ẹ ò mọ̀ jáde, kí ẹ sì tan "Two-step verification", PIN onínọ́ńbà mẹ́fà. Tí olè bá ti ṣáájú yín ṣe PIN yẹn tí fóònù sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ fi nọ́ńbà yín wọlé, kí ẹ sì dúró ọjọ́ méje. WhatsApp á jẹ́ kí ẹ wọlé lẹ́yìn náà láìsí i. Olè kò lè wà lórí rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, torí tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, òun ti jáde.

Ní ti owó, mi ò ní purọ́ fún yín. Owó irú èyí máa ń gba inú àkáǹtì méjì tàbí mẹ́ta kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ oní-POS kan tàbí kí wọ́n fi ra owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, apá kan máa ń há sójú ọ̀nà, ohun tó sì lè dá a dúró ni pé kí báńkì yín kọ̀wé sí báńkì tó gbà á. Ẹ lọ sí ẹ̀ka báńkì yín fúnra yín, ẹ fún wọn ní ìwé, kì í ṣe ẹnu lásán, pẹ̀lú àkókò àti Session ID owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún yín kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́. Tí báńkì bá dákẹ́, ẹ̀dà yẹn ni ẹ máa fi fẹjọ́ sun CBN. Ẹ gbé ẹ̀dà mìíràn pẹ̀lú fáìlì inú zip lọ fún ọlọ́pàá. Olú iléeṣẹ́ wọn fún ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo níbí. EFCC náà ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹnì kan lè pè yín tàbí kó kọ̀wé sí yín pé òun mọ ẹni tó lè gba owó náà padà fún yín, pé ẹ kàn máa san díẹ̀ ṣáájú. Ẹ má dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó lè wọ báńkì lọ gba owó padà fún yín láti ẹ̀yìn. Olè kan náà ló máa ń jẹ́ nígbà mìíràn, torí ó ti mọ nọ́ńbà yín, ó sì mọ iye tí ẹ pàdánù.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó fi fáìlì náà ránṣẹ́. Ẹ má bá a jà, màmá. Ó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ mọ̀ pé fóònù òun fi nǹkan kan ránṣẹ́. Bí FluBot, áàpù olè kan, ṣe tàn káàkiri Yúróòpù ní 2021 nìyẹn, kí àwọn ọlọ́pàá Netherlands tó gba ìjánu rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2022: fóònù tó bá kó o ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó bá rí. Ó ṣeé ṣe kí tiyín náà ti fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà yín láti Jímọ̀ títí di òní. Ẹ fi fóònù kékeré pe alága ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín jù, ẹ fi ohùn yín sọ orúkọ fáìlì náà fún wọn. Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tí owó rẹ̀ kò tíì lọ, kó yọ síìmù rẹ̀ kí ẹ tó gbé ìpè sílẹ̀.